Ìbọn Tí Kì í Jẹ Ẹ̀tù

Ọkọ mi máa ń pè mí ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sí ẹrù tó wọ inú ilé wa tí n kì í tú. Bí ọmọ bá ti iléèwé dé, màá tú báàgì rẹ̀. Bí àlejò bá gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn wá, màá gbé ti òkè kúrò kí n lè wo ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹni tó bá ń ra gàrí ní Igbogila lọ tà ní Ìlaró, tó ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi irin gún àpò ẹni, tí wọ́n á ní ìrẹsì ìhà ọ̀hún bọ́dà ló wà lábẹ́ gàrí, olúwarẹ̀ á kọ́ ìwà wọn láìfẹ́. Ó ti mọ́ mi lára báyìí, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin gun ọ̀kadà wọ àgbàlá ìyá wa ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó so ẹní kan tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà náà, ojú mi ò kúrò lára ẹní yẹn. Ta ló ń gbé ẹní láti Ìlaró wá sí abúlé? Àwọn ará Ìlaró ló ń wá ra ẹní lọ́dọ̀ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọjà. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn, ẹní ni mò ń wò.

"Kí ló wà nínú ẹní?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó ná."

"Jókòó. Kí ló wà nínú ẹní?"

Ó wo apá ilé ìdáná, níbi tí ìyá wa ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó bá mi bẹ Màmá."

Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú ayé yìí tí àbúrò mi lè ní kí n bá òun bẹ ìyá wa sí, ìbọn sì ni.

Ọdẹ ni bàbá wa. Èmi àkọ́bí ni mo máa ń gbé àpò tẹ̀lé e, torí pé obìnrin ló pọ̀ nínú ilé náà, ó sì kọ́ mi ní ìbọn yínyìn kó tó di pé wọ́n bí ọkùnrin kan ṣoṣo tí a ní. Ìyá wa kì í bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ti dún nínú igbó, á gbé omi kaná. Kì í béèrè ohun tí ó pa. Bó bá rí ẹran, omi náà la ó fi bó irun rẹ̀. Bí kò bá rí, bàbá wa á fi wẹ̀, á sì jẹun. Bí ayé wọn ṣe ń lọ nìyẹn títí di ọjọ́ tí ìbọn náà bú mọ́ ọn lójú. Ó gba ojú ọ̀tún rẹ̀, ó sì gé ìka rẹ̀ dànù. Kò pa á. Ó tún pẹ́ láyé dáadáa, orí ibùsùn ló kú sí, ṣùgbọ́n kò wọ igbó mọ́.

Ìyá wa ṣòfin lẹ́yìn ìyẹn pé ẹ̀tù ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́, ọmọ òun kankan ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń jẹ ẹ̀tù. A gbà pé ìró ìbọn ló ń já a láyà. Bí àwọn ọdẹ bá ń yìnbọn níbi òkú àgbà kan, á dúró gbagidi sójú kan, á kọ etí sí ìró náà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Àwa ọmọ á ti fèrèsé, a ó yí rédíò sókè. Ó ti wá di nǹkan tí a ń ṣe láìsọ̀rọ̀: ìbọn dún, ẹnì kan á dìde lọ sídìí rédíò.

Òfin yìí ni àbúrò mi fẹ́ kí n bá òun bẹ̀bẹ̀ sí. Bí mo ṣe ń tẹ̀lé e gba ẹ̀yìn ilé lọ sóko, ohun kan ló wà lọ́kàn mi: ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wa bí kò ní bá ìbọn lọ. N kò ní gbà.

Lábẹ́ igi kaṣú tó wà létí oko ló ti tú ẹní náà. Ìbọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀ rí. Igi apá ló fi gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó kùn ún títí ó fi ń dán. Irin rẹ̀ dúdú, ó nípọn, irin mìíràn tó rí roboto sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó ní aago kékeré kan lára, irú èyí tó máa ń wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà. Agolo gígùn kan wà lẹ́nu rẹ̀. Wẹ́dà ni àbúrò mi, ó mọ irin í jó, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní gbogbo agbègbè wa, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń kọjá. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe nǹkan. N kò mọ̀ pé ó lè ṣe eléyìí, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Mo gbé e, mo yí i sókè, mo yí i sódò. "Ibi tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí dà?"

"Kò sí."

"Ibi tí iná ti ń ṣẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí iná, Ẹ̀gbọ́n. Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ kí ni?"

"Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú. Mo mọ ìbọn afẹ́fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlaró ń fi í pa ẹyẹ, ọta rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ. Àbúrò mi ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọta kan jáde tó fi òjé rọ fúnra rẹ̀: ó tó èkùrọ́. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń hú ẹ̀gẹ́ ìyá wa lóun fẹ́ fi pa. Mo wo ọta, mo wo ìbọn. Bí afẹ́fẹ́ bá lè pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó, kí wá ni bàbá wa fi ojú rẹ̀ ṣe?

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Ọ̀gá mi kan ní ìhà ọ̀hún. Òun ló bá mi wá irin tó lágbára."

Ìhà ọ̀hún. Ẹ rí i bí? Ohun tí wọ́n bá ti ní ìhà ọ̀hún ló ti wá, mo ti máa ń na etí. Mo nawọ́ sí agolo ẹnu ìbọn náà. "Eléyìí ńkọ́?"

"Ó ń pa ohùn rẹ̀ mọ́. Bí mo bá tú u kúrò, ó máa ń pariwo."

Mo gbé ìbọn náà sílẹ̀ lórí ẹní. Ejò lọ́wọ́ nínú, mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Ní agbègbè wa, ọdẹ tó yìnbọn ń fẹ́ kí ayé gbọ́. Ó ń sọ fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun wà níbí, kó má yìn sí òun. Ó ń sọ fún olóko pé kó fọkàn balẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ kí a gbóhùn àwọn, a mọ̀ wọ́n, a sì mọ ọ̀nà wọn: ọ̀nà inú igbó tí ọ̀kadà onífàyàwọ́ ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo gbà láìtan iná. Bí irú wọn bá fẹ́ ìbọn, irú ìbọn tí wọ́n á fẹ́ ni mò ń wò lórí ẹní yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

N kò tíì sọ ọ́ jáde. Mo fẹ́ rí i dópin ná.

Ó gbé pọ́ǹpù kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìbọn náà bí ẹni tó ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Ó fún un títí òógùn fi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Abẹ́rẹ́ inú aago náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń gòkè ni èmi ń rìn sẹ́yìn, títí igi kaṣú fi wà láàárín wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sá."

"Ta ló ń sá? Òòrùn ni mò ń yẹ̀."

Ó gbé pátákó ibùsùn àtijọ́ kan ti òkìtì ọ̀gán, ó fi èédú ya òbìrí sí i láàárín, ó sì pa dà wá láti yìn ín. Mo gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ yìn ín."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti yìn ín láìmọye ìgbà, kò lè—"

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Obìnrin pọ̀ lọ́wọ́ Màmá. Bí ojú ọ̀kan nínú wa bá fọ́, wọ́n ṣì rí òmíràn rán níṣẹ́."

Mo gbé e sí èjìká ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì kọ̀ mí. Igi náà yọ síta ní ibi tó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà, ó ń tì mí lójú bí ẹni tó ní kí n lọ jókòó síbòmíràn. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, kò gbà. Mo wá gbé e sí èjìká òsì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé n kì í lo ọwọ́ òsì, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo di eyín pọ̀. Mo di ìdí ìbọn mọ́ra gírígírí. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí bàbá wa ṣe kọ́ mi, kí iná má baà ta sí mi lójú, mo sì fà á.

Ó ní "fùú", bí ìgbà téèyàn bá fẹ́ fìtílà pa. Ó kàn fara tì mí léjìká díẹ̀. Kò sí èéfín. Kò sí òórùn. Igi kò mì, ẹyẹ kò fò.

Ó kọ̀, mo sọ lọ́kàn mi. Bàbá wa sì ti kọ́ mi ní ohun tí à ń ṣe bí ìbọn bá kọ̀: má gbé e sọ̀ kalẹ̀, má yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kọjú ẹnu rẹ̀ sínú igbó, kí o sì dúró, nítorí pé iná lè wà níbi tó sá pamọ́ sí. Mo dúró. Apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ṣì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ó kọ̀. Má sún mọ́ mi."

"Kò kọ̀ o. Ó ti lọ."

"Mo ní má sún mọ́ mi! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lóṣòó mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ sí pátákó. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ìmọ́lẹ̀ òòrùn kékeré kan lára igi náà, níbi tí kò sí ihò tẹ́lẹ̀. Mo lọ síbẹ̀. Ọta náà ti gba inú pátákó kọjá, ó sì ti wọ inú òkìtì lọ. Ìka mi wọ inú ihò náà dé oríkèé.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo ní kó tún fi òmíràn sí i, mo yìn ín, mo tún bá pátákó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Mo ti ń gbọ́ ìbọn láti kékeré, n kò sì rí èyí tó ń pa nǹkan láìsọ pé òun ló pa á rí. Bí ènìyàn bá dúró níbi pátákó yẹn, á kàn ṣubú ni. Ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ á rò pé òòyì ló kọ́ ọ.

Mo yíjú sí àbúrò mi. "Ta ló fẹ́ rà á?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Rà kí ni?"

"Má sọ ara ẹ di òpè. Ìbọn tí kò pariwo, ní ẹ̀gbẹ́ bọ́dà, tí ọ̀gá ìhà ọ̀hún bá ẹ wá irin rẹ̀. Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Ojú rẹ̀ yí pa dà. N kò rí i kó bínú sí mi bẹ́ẹ̀ rí, torí mo jù ú lọ dáadáa, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Kò pariwo. Ó gbé ìbọn náà fún mi. "Ẹ gbé e sí èjìká ọ̀tún yín."

"Mo ti gbé e síbẹ̀, kò gbà."

"Kí ló dé tí kò gbà?"

Ìgbà náà ló yé mi. Ọlọ́wọ́ òsì ni àbúrò mi. Láti kékeré ni ìbọn bàbá wa kò ti ṣe é lò fún un, torí pé apá ọ̀tún ni iná rẹ̀ ti ń ṣẹ́, á sì ta sí ọlọ́wọ́ òsì lójú. Ó fi òwú wọn apá ara rẹ̀, ó wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì gbẹ́ igi náà ní ìwọ̀n wọn. Kò sí ẹlòmíràn tí ìbọn náà ṣe wẹ́kú fún.

"Ọlọ́wọ́ òsì mélòó lẹ mọ̀ nínú àwọn tó ń gbé epo?" ó ní. "Ẹnì kan wá bá mi lóòótọ́. Ó kí mi ní 'bọ́ǹjúù' bí ará ìhà ọ̀hún, ó ní òun gbọ́ pé mò ń ṣe nǹkan. Mo ní ẹ̀rọ gàrí ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, torí Màmá ni mo fi agolo síbẹ̀. Mo fẹ́ lé ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lóko wọn, kí ìró rẹ̀ má sì dé etí wọn. N kò fẹ́ kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kọ́sítọ́ọ̀mù náà mọ ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Mo bá a ká ẹní náà, mo sì ń to ẹ̀bẹ̀ lọ́kàn mi bí a ṣe ń pa dà sílé: Màmá, kò jẹ ẹ̀tù, Màmá, kò rú òfin yín, Màmá, ẹ jẹ́ kó lé ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyẹn.

Ìyá wa ti kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ilé ìdáná, ó kọjú sí ọ̀nà oko. Ìkòkò ńlá kan wà lórí ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ti yin ìbọn náà?" ó ní.

Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lọ sọ. Ìyá wa fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹní. "Ẹní ni bàbá yín fi ń wé tiẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

"A ti yìn ín, Màmá," mo ní.

Àbúrò mi sún mọ́ ọn, inú rẹ̀ ń dùn, ó kúnlẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò sì ní gbọ́ ọ láé! Kì í jẹ ẹ̀tù, kì í rú èéfín, kì í pariwo. Torí yín ni mo ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkòkò omi náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí ti bàbá yín bú," ó ní, "ta ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni," mo ní.

"Ta ló wá pè mí?"

N kò béèrè rí. Kò sí ìkankan nínú wa tó béèrè rí.

"Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo gbọ́ ọ ni. Ohùn ìbọn bàbá yín, bí mo ṣe mọ ikọ́ rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ti ọjọ́ yẹn ò dún bó ṣe ń dún. Ó fọ́. Mo fi omi sílẹ̀ lórí iná, mo sáré. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Gèlè mi ni mo fi dì í. Tí mi ò bá gbọ́ ńkọ́?" Ó tún fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹní. "Ṣé ìyẹn ò lè bú?"

"Màmá, irin rẹ̀ nípọn gan-an, mo dán an wò kọjá—"

"Mo ní ṣé kò lè bú?"

Àbúrò mi kì í purọ́ lórí ọ̀rọ̀ irin. "Kò sí irin tí kò lè bú, Màmá."

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ ni mo ti pọn omi kalẹ̀. Mo kọ etí, mo kọ etí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá bú mọ́ ọ lójú nínú igbó yẹn lọ́la, kí ni màá gbọ́?"

Mo gbé ojú sílẹ̀. Gbogbo ọdún tí a fi ń ti fèrèsé, tí a fi ń yí rédíò sókè, ìyá wa kò sá fún ìró kankan. Ó ń tẹ́tí ni. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbọn tó dún náà pé, bóyá ọkọ ẹnì kan ti ṣubú sínú igbó. Àwa la ń dí i létí. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ sunkún.

Àbúrò mi dìde. Ó tú ẹní, ó yí agolo náà kúrò lẹ́nu ìbọn, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá wa, ó sì pa dà sọ́nà oko.

Mo mọ̀ pé ó ti ń fi pọ́ǹpù fún un. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo wo ìyá wa: ó ti dúró gbagidi, ó kọ etí sí ọ̀nà oko, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó dìde lọ sídìí rédíò.

Ó dún. Pàá! Ó gbẹ, ó mọ́, ó ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn ẹyẹ sì fò lórí kaṣú.

Ìyá wa kò mira. "Ké sí i," ó ní, "kó tún un yìn, kí n lè mọ ohùn rẹ̀."

Mo ké sí i. Ìyá wa dúró títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kejì, ó mi orí pé òun ti mọ̀ ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣáná sábẹ́ omi.